Ojú Tí Ẹ̀rọ Là fún Bàbá Ìyàwó

                                        Ilé Fọ́tò Àwòtúnwò,
                                        Òkè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi tó kó mi sí wàhálà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ikọ́ tó ń yọ àbíkẹ́yìn yín lẹ́nu ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn rìn? Ó dáa, mo ti kí ọ bí ọmọlúàbí. Wá jókòó báyìí, torí ìjà ni mo bá dé.

Ìwọ lo ní kí n gba ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá sínú kọ̀ǹpútà mi. O ní àwa tá a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, kò yẹ kí n ṣì máa tún fọ́tò ṣe níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Òótọ́ ni pé ìwé mẹ́fà ni mo kà, àmọ́ ta ló tó fi ara ẹ̀ wé mi nídìí kámẹ́rà ládùúgbò yìí? Ìyàwó tí mo ti yà lé ní ọ̀ọ́dúnrún, kò sí èyí tó burẹ́wà nínú wọn. Àwọn tí Ọlọ́run ò ráyè ṣe tán, èmi ni mo bá a parí wọn.

Sátidé tó kọjá, mo ya ìgbéyàwó ọmọ bàbá kan tó ń hun àga. Bàbá yẹn ò ríran látìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ojú wọn kì í là rárá. Kí ìyàwó tó jáde nílé, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì wo ojú ọmọ wọn, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Mo yà á.

O mọ̀ pé ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ mo ti fọ́nnu fún wọn pé ọjọ́ méjì péré. Mo pàṣẹ fún ẹ̀rọ rẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá dijú nínú ẹgbẹ̀rin fọ́tò yẹn, kó la ojú ẹ̀. Wákàtí kan, ó ti ṣe tán. Kọ̀ǹpútà ti kún, mo bá pa àwọn ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. N ò wo ọ̀kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ Túsìdé, ìyàwó ju álúbọ́ọ̀mù sórí tábìlì mi.

“Bọ̀dá Fọ́tò, ta ni bàbá yìí?”

Mo ní, “Bàbá yín kọ́ ni?”

“Bàbá mi kọ́! Wọn ò fojú wò mí rí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò mí!”

Ìgbà yẹn ni mo tó wò ó. Bàbá ranjú mọ́ mi bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò. Mo ṣí iwájú: gbogbo ìjọ ń gbàdúrà, gbogbo wọn lajú sílẹ̀ bí ẹni gbọ́ pé olè ń bọ̀. Ọmọ ọwọ́ tó ń sùn léjìká ìyá ẹ̀ náà lajú kalẹ̀! Mo ní kí ẹ̀rọ dí ojú bàbá padà. Ó dí i, ó fá irùngbọ̀n wọn. Mo tún un ṣe, ó fi dígí sí wọn lójú.

Ìyàwó ń sunkún. Ọjọ́bọ̀ lòun àti ọkọ ẹ̀ ń kọjá sókè òkun, fọ́tò yẹn nìkan ló fẹ́ gbé dání.

Bí mo ṣe gbé kámẹ́rà lọ sílé bàbá lọ́jọ́ Wẹ́sìdé nìyẹn. Ìyàwó tún wọ aṣọ ìgbéyàwó, ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àga tí wọn ò tíì hun tán. Bàbá tún fọwọ́ wò ó. Wọ́n ní, “O ti rù sí i láti Sátidé.” Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo yà á. Ó ju ti àkọ́kọ́ lọ, bó o bá fẹ́ mọ òótọ́.

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, bàbá béèrè pé, “Ojú tẹ́ ẹ là fún mi yẹn, ṣó dáa?”

Mo ní, “Ó mọ́ gaara, bàbá. Ẹ má bínú.”

“Ẹ má sọ ọ́ nù o. Ẹ gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù yín, kó máa bá yín wo iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin ò kúkú wò ó.”

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo kan ìṣó mọ́ ògiri, mo sì gbé fọ́tò náà kọ́. Èmi!

Bá mi kí màmá àti ìyàwó. Bó o bá tún gbọ́ nípa ẹ̀rọ tuntun, má sọ fún mi. Bàbá ara ògiri yìí ni kó o kọ́kọ́ sọ fún. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, wọ́n ń wò mí.

Èmi ni tìrẹ, pẹ̀lú ìbínú,
Ọ̀gá Kámẹ́rà.