Wọ́n Ń Juwọ́ Sí Mi, Wọn Ò Dúró

Trent, ọmọ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé o ń jẹun, ṣé o ti ra kóòtù mìíràn, àbí èyí tí ìgúnpá rẹ̀ ti lu ni o ṣì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Perth? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ko àgbákò, kí àìsàn má mọ ilé rẹ, kí ó sì la ọ̀gá rẹ lójú kí ó lè fi kún owó oṣù rẹ. Àmín. Noelene ti pósófíìsì ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí o mọ̀ pé ẹnu ni mo ní, n kò ní kálàmù. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí ó kọ ọ́, kí ó má bu ṣúgà sí i.

Ilé wà bó ṣe wà. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, omi dé ìdajì táńkì. Àlìkámà yọ dáadáa lọ́dún yìí ní gbogbo ìlú Wirrapa níbí, àwọn tó ni ín sì ti ń ráhùn, nítorí àgbẹ̀ tí kò bá ráhùn, ara rẹ̀ ni kò yá. Smudge ajá mi bu ọkùnrin tó wá ka mítà iná jẹ, ṣùgbọ́n kò fi gbogbo eyín sí i.

Kí n tó sọ ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ wí díẹ̀. Nígbà tí o wá ní oṣù kẹjọ, o ní èmi ìyá àgbà rẹ lo wá kí. Ó dára. Ọjọ́ mẹ́rin lo lò. Ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀, ìdí àká àlìkámà lo wà lórí àga aláṣọ, o ń dúró de ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Mo gbé àgùntàn sísun wá bá ọ níbẹ̀, o ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ ń dí mi lójú, ẹ́ńjìnnì méjì ló ń fà á. Bàbá àgbà rẹ, Clarrie ọkọ mi, fi ogójì ọdún to igi sábẹ́ ojú irin yẹn, kò sì fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin fún ọjọ́ kan. Ó máa ń ní bí àna ni ó rí, ìgbà tó bá kọjá lọ ni ara tó ń tuni. Ìwọ tí o kò gbé igi kan rí, ìwọ lo wá mọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bí ẹni mọ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú ni ọ̀rọ̀ mi. Awọ funfun kan ti ń bo ẹyinjú mi láti ọdún tó kọjá, ọ̀tún le ju òsì lọ. Mo bu iyọ̀ sínú tíì pásítọ̀, ó mu ún tán, ó ní ó dùn, láti ọjọ́ náà ni n kò ti gba ìwàásù rẹ̀ gbọ́ mọ́. Dókítà ní Adelaide ní kí n wá ní ọjọ́ Ẹtì kan kí àwọn bó o kúrò, pé tí a bá fi falẹ̀, n kò ní rí ẹnu ọ̀nà ilé mi mọ́. Coral àǹtí rẹ ní òun yóò wá fi mọ́tò gbé mi. Mo ní rárá. Wákàtí mẹ́jọ ni, Coral kì í sì í lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láìwo ojú onítọ̀hún, bó bá tilẹ̀ ń wakọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iwájú ilé mi ni irin tí ọkọ mi tò gbà kọjá. N kò ní jókòó sínú mọ́tò kí n máa wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé.

O mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Perth lọ sí Adelaide ní Ọjọ́bọ̀ kì í dúró ní Wirrapa àfi bí ẹnìkan bá ti fi orúkọ sílẹ̀. Mo gbé fóònù tí o rà fún mi jáde nínú agolo búrẹ́dì, ibẹ̀ ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Noelene bá mi tẹ nọ́ńbà àwọn tó ni ọkọ̀, ó sì lọ dá àwọn tó wá gba lẹ́tà lóhùn. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ mọ́, ẹ̀rí wà pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí òun. Mo ní o ṣeun, ìwọ náà ṣe pàtàkì. Mo wá rò fún un láti orí ojú dé orúnkún, mo sọ ti Coral, mo sọ ti iyọ̀ pásítọ̀. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan, àfi pé láàárín kan ó ní kí n tẹ ení, mo sì ní kò sí ẹní nítòsí, orí ìjókòó onígi ni mo wà. Nígbà tí mo parí, ó fi orin dá mi lára yá. Mo gbọ́ orin náà fún ìwọ̀n tó yẹ ọmọlúàbí, mo dúpẹ́, mo dá fóònù padà sínú agolo. Ní tèmi, orúkọ mi ti wà nílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, mo dúró lórí pèpéle ibùdó pẹ̀lú àpò mi. Bí ọkọ̀ ṣe yọ, mo fi aṣọ ìnuwọ́ juwọ́, nítorí bí a ti ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ibùdó ojú irin tí mo gbé dàgbà, ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀, aṣọ ló fi ń juwọ́. Awakọ̀ rí mi. Ó yọrí síta, ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ padà, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo àwọn tó wà lójú fèrèsé náà juwọ́. Obìnrin kan tiẹ̀ ya fọ́tò mi. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí gómìnà kọjá níwájú rẹ̀.

Trent, ìwọ lo fà á. Sájẹ́ǹtì Pruett, ọlọ́pàá wa, ló là mí lóye. Ó ní Màmá Dulcie, àwọn bíi Trent yín ti pọ̀ jù lẹ́bàá ojú irin, pẹ̀lú kámẹ́rà àti fìlà wọn, ẹnikẹ́ni tó bá ń juwọ́ báyìí, olólùfẹ́ ọkọ̀ ni àwọn awakọ̀ ń kà á sí. Olólùfẹ́ ọkọ̀! Èmi tí mo fi ogójì ọdún fọ ṣòkòtò tó ń rùn fún òróró ẹ́ńjìnnì.

Dókítà sún ọjọ́ mi síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ní bí mo bá tún pa èyí jẹ, ẹlòmíràn ni yóò gba ààyè mi, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ni mo bá fa àpótí Clarrie jáde lábẹ́ ibùsùn, mo mú àsíá pupa tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró bí irin bá ṣẹ́. Pupa kì í ṣe ìkíni. Kò sí olólùfẹ́ ọkọ̀ tó ń fi pupa juwọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo nà án sókè. Ọkọ̀ náà dúró. Ó ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n mú lẹ́sẹ̀, ó sì dúró. Awakọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun, ó ní Ìyá, kí ló dé, ṣé irin ló ṣẹ́? Mo ní irin le, ojú mi ni kò le. Ó ní ta ló wà lójú irin? Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni, orí pèpéle ni mo wà, wá bá mi gbé àpò yìí. Ó ní Ìyá, ẹ mọ iye ènìyàn tí ẹ dá dúró? Mo ní ìwọ lo yẹ kí o ti dúró lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí mo fi aṣọ ìnuwọ́ bẹ̀ ọ́. Ó wò mí títí, ó ní háà, ẹ̀yin ni ìyá tó ń juwọ́ yẹn! Mo ní èmi ni. Ó gbé àpò náà.

Wọ́n bó ojú ọ̀tún. Ó dára. Coral fi mọ́tò gbé mi padà, mo di ojú méjèèjì títí a fi délé. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi ojú tuntun wò ni fọ́tò tí o fún mi lọ́jọ́ ìbí mi, tí mo fi kọ́ ògiri, tí mo ń sọ fún gbogbo àlejò pé èmi àti ọkọ̀ ojú irin ni. Trent, ọkọ̀ ló wà níbẹ̀. Tèmi kò ju ìgúnpá lọ. Coral sì ti sọ fún ọ pé wọ́n ń là mí lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí o fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, Noelene kà á fún mi, o ní ọ̀rẹ́ rẹ kan wà nínú ọkọ̀ tó dúró ní Wirrapa, o wá ń béèrè nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà. N kò wò ó. Ojú ń dùn mí.

Àwọn tó ni ọkọ̀ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, wọ́n ní kí n sọ ìdí tí mo fi dá a dúró. Noelene fẹ́ kọ ìwé gígùn. Mo ní kọ ọ́ pé mo fẹ́ wọ̀ ọ́. Mo tẹ ìka sí i. Sájẹ́ǹtì wá gba àsíá, ó mu ife tíì méjì, ó ní kì í ṣe ẹjọ́ òun, òfin ni. Mo ní kí òfin fọ ife.

Gbọ́ báyìí. Wọn yóò bó ojú òsì ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá, n kò sì ní àsíá mọ́. O ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lo fẹ́ gba ọkọ̀ ojú irin láti Perth wá sí Adelaide, kí o lè máa ka àwọn òpó. Ra tíkẹ́ẹ̀tì tó parí sí Wirrapa. Noelene ka ìwé òfin wọn fún mi: wọ́n gbọ́dọ̀ dúró fún ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, èmi yóò wọlé, ìwọ yóò san ìyókù owó rẹ dé Adelaide, a ó jọ lọ.

Fi ọgọ́rin dọ́là ránṣẹ́ fún tíkẹ́ẹ̀tì tèmi. Má fi sínú fóònù mọ́. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ nígbà Kérésì, mo tú ẹ̀yìn fóònù náà wò, bátìrì nìkan ni mo bá. Inú àpòòwé ni kí o fi í sí.

Kí ọ̀nà rẹ gún bí irin tí Clarrie tò, kí ohun tí o ń dúró dè má ṣe kọjá lójú rẹ, kí o rí ọmọbìnrin tó lè jókòó sídìí àká pẹ̀lú rẹ láìsùn lọ. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ náà, bí ọkọ̀ bá dúró ní Wirrapa, má kúrò lórí àga rẹ. Bí o bá bọ́ sílẹ̀ láti ya ẹ́ńjìnnì ní fọ́tò, n kò ní bá ọ di ilẹ̀kùn mú. Ojú fèrèsé ni màá jókòó sí, màá sì juwọ́ sí ọ.

Èmi ni ìyá àgbà rẹ,
Dulcie