Eku Mẹ́ta Tí Ọ̀gá Ní Kí N Yọ Kúrò

Bàbá mi àtàtà,

Ó pé ọdún mẹ́sàn-án lónìí tí a gbé yín sọdá ọ̀sà láti Ajá lọ sílé ìwòsàn. Ìfun yín há sínú ìpá, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ ń bì nínú ọkọ̀, èébì náà ń rùn bí ìgbẹ́. Èmi ni mo di abọ́ mú, mo sì yíjú sẹ́yìn, mo fi ìborùn dí imú. Ẹ rí mi. Ṣé ẹ bínú?

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, wọ́n tú ìfun náà sílẹ̀. Dókítà jáde sí èmi àti Ìyá tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ̀jẹ̀ ti padà dé ìfun náà, ó ti pọ́n. Bàbá á mu ẹ̀kọ láìpẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ kú. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Yàrá àyẹ̀wò kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń fi okùn dí ẹ̀jẹ̀ ìfun eku, a ó sì tún tú u. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá padà dé gan-an ni oró kan ń jáde lára atẹ́gùn tí ẹ̀jẹ̀ náà gbé wá, tí yóò máa jẹ ìfun náà láti inú. Oògùn tó lè pa oró yìí ni ọ̀gá mi ń wá. Bí a bá fún eku ní oògùn náà kí a tó tú okùn, ìfun ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bàjẹ́. Iṣẹ́ náà ń rí mi lára. Òórùn ìfun jíjẹrà kì í kúrò lọ́wọ́ mi, n kì í lè jẹ ẹja yíyan tí Ìyá ń fi ránṣẹ́. Nítorí yín ni mo ṣe fara dà á.

Lóṣù tó kọjá, eku mẹ́ta tó gba oògùn kú. Ìfun wọn dúdú bí èédú. Ọ̀gá wo ìwé tí mo kọ.

"Yọ àwọn yẹn kúrò nínú ìwé."

"Ọ̀gá, wọ́n gba oògùn o."

"Ṣé ìwọ ni dókítà ni?"

Ó ti kọ̀wé pé òun fẹ́ dán oògùn náà wò lára aláìsàn. Bàbá ẹlòmíràn nìyẹn, tó dùbúlẹ̀, tó gbà wá gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ojú ọkùnrin yẹn kó mi nírìíra ju òórùn èyíkéyìí lọ.

N kò yọ wọ́n. Mo gbé ìwé náà lọ fún àwọn àgbà dókítà tó ń fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó lé mi. Ìyá sunkún, wọ́n ní kí ló kàn mí pẹ̀lú eku. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ bá sọ?

Lánàá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà wá mi wá sílé. Wọ́n ti dá ìdánwò lára aláìsàn dúró. Wọ́n ní kí n padà wá, kí a tún ìdánwò eku náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá mìíràn. Mo ń lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. N kò tíì mọ̀ bóyá oògùn náà dára.

Ẹ sinmi, Bàbá.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín.