Sitiárín Mọ́tò Bàbá Mi

Ọjọ́ Ẹtì, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá ti ń ráhùn pé sitiárín mọ́tò àwọn le, pàápàá níbi kọ́nà òkè. Mẹkáníìkì ní ká ra pọ́ǹpù sitiárín tuntun. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ wo ọ́ìlì sitiárín ná. Ọ́ìlì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, rọ́bà kan ló ń jò. Ó pààrọ̀ rọ́bà, ó rọ ọ́ìlì sí i, owó táṣẹ́rẹ́ la san. Mo fi ọwọ́ kan yí sitiárín, ó yí wẹ́rẹ́. Inú mi dùn.

Bàbá náà wọ inú mọ́tò, wọ́n di sitiárín mú.

"Ó ṣì le," ni wọ́n wí.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé apá òsì wọn ò gbéra dáadáa.

Wọ́n wo ọwọ́ náà títí. "Àbí èmi ni, Fúnkẹ́?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn lọ́la, Bàbá."

Wọ́n rọra bọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, níbi tí èmi máa ń jókòó sí láti kékeré.

"Máa gbé wa lọ sílé," wọ́n ní.