Bàbá, Kí Ló Dé Tí Ẹ Kò Jẹ́ Kí N Jókòó Tì Yín?

Bàbá mi tí mo ń bá bínú,

Mo mọ̀ pé a kì í bá òkú jà, ṣùgbọ́n ta ni kí n bá jà?

Láti ọjọ́ tí Màámi ti kú ni ẹ ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ yín tì. Oorun kò sí, oúnjẹ kò wọlé. Èmi ni mo mú yín lọ sí Ìnísà, sọ́dọ̀ ìyá oníṣègùn tó ní àgbo tí ń ṣí èèyàn lójú inú, tí ìbànújẹ́ á fi rí ọ̀nà jáde. Ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ.

"Bàbá, ẹni tó bá mu ún á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Èèyàn méjì ni kó jókòó tì yín títí ojú yín á fi wálẹ̀: èmi tí mo mọ ewé, àti ọmọ yín tó mọ̀ yín."

Mo ti gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé tí mo ti ń kọ́ni l'Ókukù. Kí lẹ ṣe? Ẹ gbé àgbo wálé sí Ìkìrun, ẹ ní kí ìyá náà má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá. Ẹ tún ní kí èmi náà máa lọ síbi iṣẹ́.

"Ọmọ kì í wo ẹkún bàbá rẹ̀. Bàbá Múfú ọ̀rẹ́ mi ti tó láti jókòó tì mí."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ẹ nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

Mo wà lójú pátákó nígbà tí ẹnì kan wá pè mí: ẹ ti mu àgbo náà, ẹ ti sáré bọ́ sí títì, ẹ ń pe orúkọ Màámi, bọ́ọ̀sì Òṣogbo kò sì rí ibi yà sí.

Mo lé Bàbá Múfú, ọ̀rẹ́ yín láti kékeré, kúrò níbi ìsìnkú yín, torí pé wọn kò dúró tì yín. Àná ni wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù yín.

"Ọmọ mi, bàbá rẹ ló ní kí n lọ ra obì wá. Mo kọ̀, ó bú mi. Ẹkún ti ń gbọ̀n ọ́n. Mo jáde kí ojú má bàa tì í."

Ẹnì kan ṣoṣo tó kù, ẹ tún rán an jáde! Kí ló burú nínú ẹkún, Bàbá? Bí mo bá fara pa ní kékeré, ẹ̀yin lẹ máa ń fẹ́ atẹ́gùn sójú egbò, tí ẹ á ní kí n ké dáadáa. Kí ló dé tí n kò lè gbọ́ ẹkún tiyín?

Mo bẹ Bàbá Múfú. A jọ sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn tó ń kọjá ń wò wá. Ẹkún náà kò pa wá.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀.