Nítorí Etí Kòkànmí

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

O kú iṣẹ́ o, o kú làálàá, o kú ìjókòó ọ́fíìsì, o sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ṣé àga tí o ní ó ń yí biribiri lábẹ́ yín níbi iṣẹ́ kò tíì gbé ọ ṣubú? Àwa wà láàyè níbí, a sì ń gbàdúrà fún ọ láràárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o rí ìbínú ọ̀gá, kí ẹni tó ni ilé tí o ń gbé má ṣe lé ọ jáde, kí ọ̀nà tí o gbà lọ sì tún mọ ọ́ nígbà tí o bá ń bọ̀. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n kọ àmín kejì, torí òun wà ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí mo ṣe àkọ́kọ́. Àmín.

Kí n tó lọ jìnnà, fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ Kòkànmí ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ajá rẹ. Mo lè fi fóònù sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń dé ibi tó le nínú ọ̀rọ̀, káàdì á tán, tàbí kí o sọ pé bàbá, mo wà nínú ìpàdé, n ó pè yín padà. Lẹ́tà á dúró títí ìpàdé á fi tú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, Kòkànmí bẹ̀rẹ̀ sí í họ etí òsì. Ó ń họ ọ́ láàárọ̀, ó ń họ ọ́ lálẹ́, bó bá dìde á gbọn orí pàràpàrà. Inú mi dùn. O mọ̀ pé àwọn àgbà ní bí etí bá ń yún ènìyàn, ẹnìkan ló ń dárúkọ rẹ̀ níbì kan, mo wá wo ọ̀tún wo òsì, mo ní ta ni ì bá tún máa dárúkọ ajá yìí bí kò ṣe ìwọ tí o fi wàrà inú ìgò tọ́ ọ dàgbà. Mo pe ìyá rẹ, mo ní ọmọ rẹ ń sọ̀rọ̀ wa níbi iṣẹ́. Ó fa àpótí sún mọ́ ajá, ó jókòó tì í. Bó bá họ etí kí oòrùn tó là, a ó ní o ti jí. Bó bá gbọn orí lọ́sàn-án, a ó ní o ń jẹun. Kí n má parọ́ fún ọ, ó dùn mí díẹ̀ pé etí tèmi kò yún mi rárá, mo tilẹ̀ ń rò ó pé bóyá mo ti ń fọ̀ ọ́ jù.

Nígbà tó yá, etí náà ń rùn. Kòkànmí wá ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń yọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, egungun tí ìyá rẹ jù sí i, kò wò ó. Bí o ṣe pè lọ́jọ́ náà nìyẹn, mo sì fi ìdùnnú sọ fún ọ pé a ti ń gbọ́ gbogbo bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ ajá rẹ níbẹ̀. O ní etí wo. Mo ní òsì. O ní ṣé ó ń rùn, mo ní díẹ̀. Igbe tí o ké lẹ́yìn ìyẹn, oníbàárà tí mo ń wọn èjìká rẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́ ọ.

O ní bí ajá bá kọ oúnjẹ fún odindi ọjọ́ kan, bó bá ń bì léraléra, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí èrìgì rẹ̀ bá funfun, bí mímí bá nira fún un, bó bá lóṣòó tó fẹ́ tọ̀ tí kò rí nǹkankan tọ̀, tàbí bí etí rẹ̀ bá ń rùn, kí n má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà. O ní èyí tí a lè fi wò di ọ̀la ni bó bá bì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo torí ìjẹkújẹ, tó sì tún padà ń ṣeré. Mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń fa ìlà sára aṣọ kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù kí n má baà gbàgbé. Ẹnìkan tó wá gba ṣòkòtò kà á látòkè délẹ̀, ó sì gba ṣòkòtò náà láìwọ̀ ọ́ wò. Ìyá rẹ náà kà á. Ó ní òun pàápàá kì í jẹun dáadáa láti ìgbà tí o ti lọ, pé ibi tí ojú òun á ti rí ẹnu ọ̀nà lòun ń sùn, ṣé kí òun náà máa bá wa lọ. Mo ní dókítà ẹranko ni. Ó ní òun ti gbọ́ bẹ́ẹ̀.

A dé ibẹ̀, ilé kékeré kan ni, òórùn oògùn ti gba gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin kan gbé ológbò rẹ̀ wá nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa, ni wọ́n bá sáré gbé e wọlé ṣáájú wa. Mo ti fẹ́ dìde bá wọn jà kí wọ́n tó ní ológbò náà kò rí ìtọ̀ tọ̀ látàná, mo wá rántí pé ó wà lára ògiri mi, mo jókòó padà. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì mí, ó sì bi mí bóyá dókítà lèmi náà.

Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà yẹn, kò lè jù ọ́ lọ. Ó béèrè orúkọ ajá, mo ní Kòkànmí, ó gbójú sókè, ó ní bàbá, ó kàn yín o, ajá yín ni. Ó mú igi dígí tí wọ́n fi ń wo ibà, mo ti ń bá a ya ẹnu Kòkànmí, àṣé ìdí ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ a kò tíì kí ara wa tán. Ó gbé e sórí ìwọ̀n kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, èmi náà bọ́ sí i kí n lè sọ fún ọ bí mo ṣe rí. Mo ti rù. Lẹ́yìn náà ó fi iná kékeré wo inú etí náà, ó pẹ́ níbẹ̀, mo bi í bóyá ó rí orúkọ rẹ níbẹ̀, ó rò pé eré ni mo ń ṣe. Ó ní ọyún ni, ó ti pẹ́, ó ti wọ inú lọ. Mo sọ ohun tí àwọn àgbà wí fún un. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ní bàbá, etí ajá tó bá ń yún, àìsàn ló ń dárúkọ rẹ̀, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́ gan-an ló yẹ kí ẹ ti gbé e wá, kì í ṣe ìgbà tó ń rùn.

Ó fọ etí náà, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó yọ eégbọn méjì lábẹ́ ọrùn rẹ̀, ó fún un ní oògùn aràn, ó ní ti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, àfi kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá ná. Bó ṣe ń ṣe é, ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó ń sọ pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ ọmọ dáadáa. Ohùn rẹ̀ jọ tìrẹ. Mo ní ẹ jẹ́ kí n jáde lọ wo kẹ̀kẹ́ tí a gùn wá, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ la fi rìn. Ọmọ mi, àárò rẹ ń sọ mí.

Kí a tó máa lọ, ó de rọ́bà kan mọ́ ọn lọ́rùn, ó ṣí gbàgàdà níwájú bí èyí tí wọ́n fi ń rọ epo sínú ìgò. Mo mọ ohun tó wà fún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Etí tó ń ṣàìsàn kò lè dá kó ohùn jọ, wọ́n ní láti bá a fi nǹkan gbè é. Etí rọ́bà náà ń ha á lọ́rùn, mo fi àjákù aṣọ olówùú gbá a yípo, ó sì jókòó dáadáa, o mọ iṣẹ́ mi. Bí a ṣe délé, mo pè ọ́, mo ti fóònù bọ inú rọ́bà náà, ìyá rẹ tẹ orí bọ̀ ọ́ láti apá kejì. Ọjọ́ yẹn lo ní kí ló dé tí a ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú kànga. Nígbà tí dókítà máa yọ ọ́, ó ní torí kí ajá má baà fi ẹsẹ̀ họ etí ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ fún wa di òpin ọ̀sẹ̀, bóyá o máa pè.

Etí náà ti gbẹ. Kòkànmí ń jẹun, irun rẹ̀ ń dán. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyí.

O rántí bó ṣe máa ń ṣe bí o bá pè tí mo gbé fóònù sí i létí. Ìrù rẹ̀ á máa gbá ẹsẹ̀ máṣínì mi pàà pàà, o máa ń gbọ́ ọ níbẹ̀, o máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o pè gbẹ̀yìn, mo gbé e sí òsì, mo gbé e sí ọ̀tún, ó ń wo ẹnu mi. O ní ṣé ó ń ju ìrù. Mo ní ó ń jù ú. Kò jù ú, ọmọ mi, ọwọ́ mi ni mo fi gbá ẹsẹ̀ máṣínì. Mo gbé fóònù lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe, mo ní ohùn ọmọ mi kò jáde nínú rẹ̀ mọ́. Ó tú u, ó dì í, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà náà ni mo tún mú Kòkànmí padà sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó sì ju abọ́ irin sílẹ̀. Èmi fò, ewúrẹ́ tó wà níta fò, Kòkànmí ń wo ojú mi.

Ó ní ọyún ti ba ti òsì jẹ́, àgbà sì ti pa ti ọ̀tún tipẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Ìgbọ́ràn rẹ̀ kò ní padà. Ó ní kò dùn ún, kí n má sunkún, ṣùgbọ́n ajá tó ti dàgbà tó báyìí, oṣù la fi ń ka tirẹ̀, kì í ṣe ọdún. Ìwọ á ní kí a lo fóònù tó ń gbé ojú ẹni jáde. A ti lò ó ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún fóònù ṣe, àwòrán rẹ ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Kòkànmí gbóòórùn iwájú rẹ̀, ó yí i ká, ó gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá lọ dùbúlẹ̀. Dókítà ní imú rẹ̀ pé. Bó bá gbóòórùn rẹ lẹ́ẹ̀kan, á mọ̀ ọ́.

Ní ti owó, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn tí a fi ń fọ etí, bẹ́líìtì máṣínì mi tó ń já, òróró orúnkún ìyá rẹ. Mo ti fi ìlà pa gbogbo rẹ̀. Má fi ránṣẹ́. Kó o jọ, kí o fi wọ mọ́tò wálé. Ìyá rẹ ní irọ́ ni, ti òróró kò gbọdọ̀ parẹ́, kí o rà á lọ́wọ́ bọ̀, mo ti dá a padà.

Ọlọ́run á bá wa rọ ọkàn ọ̀gá rẹ. Á fún ọ ní àyè, á pa ọ́ mọ́ lójú ọ̀nà, á mú ọ dé nígbà tí Kòkànmí ṣì lè dìde pàdé rẹ. Wàá bá èmi àti ìyá rẹ náà lórí ìdúró. Àmín.

Ohun kan ṣẹ́kù, dókítà ló ní kí n kìlọ̀ fún ọ. Nígbà tí o bá ń bọ̀, má ṣe ti ẹ̀yìn yọ sí i, má sì fọwọ́ kàn án lójijì, torí kò gbọ́ ẹsẹ̀ mọ́, àyà rẹ̀ lè já. Iwájú ni kí o gbà wá, kó lè rí ọ láti òkèèrè. Kò ṣòro. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ń dùbúlẹ̀ sí láti àárọ̀, ó kọjú sí títì. Mo ti yí máṣínì tèmi náà sí ibẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Aránṣọ.