Bàbá Búrẹ́dì, Atukọ̀ Tí Kò Ṣe Búrẹ́dì Rí

Ọdún 1941 ni wọ́n bí bàbá wa, nínú ilé onípákó tó kángun sí èbúté. Atukọ̀ ni bàbá wọn, atukọ̀ ni bàbá tó bí bàbá wọn. Ìyá wọn ń tún àwọ̀n ṣe.

Kíláàsì kẹta ni wọ́n wà ní 1950 tí bàbá wọn kú, ilé ìwé sì parí síbẹ̀. Ìwé tí wọ́n mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí wọ́n fẹ́ kọ.

Ní 1964, wọ́n gbé ìyá wa níyàwó, wọ́n sì ra ọkọ̀ tiwọn. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pé: ẸNI KAN, OWÓ BÚRẸ́DÌ KAN. Àfi bí búrẹ́dì bá wọ́n ni owó ọkọ̀ fi lè lé. Aláìsàn àti aboyún kì í san nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe di Bàbá Búrẹ́dì nìyẹn. Àlejò a máa kanlẹ̀kùn wa láàárọ̀ pé kí a ta méjì fún òun.

Ní 1994, afárá orí odò wa wó. Alága ẹgbẹ́ atukọ̀ pe ìpàdé, wọ́n sọ owó ọkọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá: aláìsàn á san, aboyún á san. Bàbá wa kọ̀ jálẹ̀.

Alága ní, “Bàbá Búrẹ́dì, ọjà ni. Ẹni tó bá lówó ló ń rà á.”

Bàbá wa dá a lóhùn pé, “Ẹja ni kí o wá bá mi ná. Ẹni tí omi ká mọ́ kì í nájà, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀.”

Ẹgbẹ́ lé bàbá wa jáde. Lọ́jọ́ kejì, a bá ihò mẹ́ta nídìí ọkọ̀. A kò sọ pé ẹnì kan ló lu ú. A kàn mọ̀ pé òkúta kì í lu ihò mẹ́ta lẹ́sẹẹsẹ. Bàbá wa dí i, wọ́n sì fi ọ̀dà tuntun tún ọ̀rọ̀ wọn kọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá arúgbó kan dé òdìkejì odò, ikọ́ ń gbé e. Àwọn atukọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní òfin alága lòfin, kó sanwó tàbí kó jókòó. Ó jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí. Bàbá wa ló gbé e kọjá, tí wọ́n tún pọ̀n ọ́n dé ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé ìyá alága ni. Màmá náà lo ọdún mẹ́fà sí i láyé. Alága kò tíì wá dúpẹ́. Ó pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lónìí. A ń kà á.

Orí ọkọ̀ ni bàbá wa ti ń gbàdúrà àárọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kó gùn bí èrò bá ń dúró.

Ìyá wa, ọmọ márùn-ún, ọmọ-ọmọ mẹ́rìnlá àti ọkọ̀ kan ni wọ́n fi sílẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ti afárá tí wọ́n padà tún kọ́ náà pa. Láti ọjọ́ tí bàbá wa ti kú, ẹ̀ẹ̀mejì ni alága ti ránṣẹ́ wá ra ọkọ̀. Ẹ bá wa sọ fún un, ìjókòó iwájú níbi ìsìnkú yìí ló wà: kì í ṣe títà. Láàárọ̀ ọ̀la, àkọ́bí wọn yóò gbé àjẹ̀. Alága náà lè wọ ọkọ̀, owó búrẹ́dì kan ni. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, kó má san.

Bàbá wa, ẹ gúnlẹ̀ sí èbúté ire. Ẹni tí yóò gbé yín kọjá kò ní béèrè owó.