Ìyá Rọra, Ẹni Tí Kì Í Tan Iná Láìpe Èèyàn

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ wá bá wa kẹ́dùn, ìdílé ń kí yín, a sì ń dúpẹ́. Ọdún 1951 ni wọ́n bí màmá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìyá Rọra, sínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá náà, iṣẹ́ yìí kan náà ni bàbá tó bí i lọ́mọ ṣe títí dọjọ́ ikú. Aránṣọ ni ìyá wọn. Màmá wa ni àkọ́bí, àwọn nìkan sì ni obìnrin láàárín àwọn ọmọ.

Lọ́dún 1958, bàbá wọn fẹ́ fi ewìrì fẹ́ iná, ó sì béèrè bóyá gbogbo ọmọ ti sún sẹ́yìn. Oníbàárà kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ló bá gbogbo ilé dáhùn pé, "Wọ́n ti sún, ẹ fẹ́ ẹ!" Àbúrò màmá wa tó tẹ̀ lé wọn kò tíì sún. Ẹyín iná ta sí i lójú, ojú náà kò sì ríran mọ́ títí di òní. Àbúrò náà wà láàárín wa níbí, ó sì ní ká kọ ọ́ bó ṣe rí. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti wọ màmá wa lára. A kò ní parọ́ nítorí pé wọ́n ti kú: ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà ni wọ́n.

Wọ́n ka ìwé mẹ́wàá, wọ́n sì wọ yunifásítì lọ́dún 1970 láti kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì. Gbogbo ẹbí rò pé wọ́n á jìnnà sí ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ iná. Iná gan-an ni wọ́n tọ̀ lọ. Lọ́dún 1977 wọ́n fẹ́ bàbá wa olóògbé, tí í ṣe mẹ́káníìkì. Bàbá sọ fún wa pé ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ fi alùpùpù wá gbé ìyàwó ojú ọ̀nà ṣeré jáde, ìyàwó kò gùn ún títí tí àwọn fi tú bíréèkì fún un wò. Ìgbà tí wọ́n tò ó tán, ilẹ̀ ti ń ṣú, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ọdún 1983 ni màmá wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní dúdú. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni wọ́n ń wò níbẹ̀, àwọn ohun bíńtín tó máa ń sáré nínú wáyà kí gílóòbù tó tàn. Ẹ̀rọ gíga kan máa ń tú wọn sílẹ̀ lára irin, wọ́n á sì máa fò fàlàlà nínú ọ̀pá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Nínú òfìfo bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò lè fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní nǹkan kan, wọ́n á kọjá lára ara wọn bí àjèjì méjì. Ṣùgbọ́n bí hóró wúrà tó kéré ju ohun tójú lè rí bá wà nítòsí, tí wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ náà á rọ̀ mọ́ ara wúrà yẹn. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, láìfara kàn án rárá, lè gba agbára lára ìmọ́lẹ̀ náà tàbí kó fún un lára tirẹ̀, ní ìwọ̀n dọ́gbadọ́gba, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Àtẹ̀gùn yìí ni màmá wa fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn wọ̀n. Wọn a máa pe wúrà náà ní alárinà.

Lésà ni wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún, ìmọ́lẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tí ojú kì í rí, tó sì lè fọ́ ojú kéèyàn tó ṣẹ́jú. Nítorí èyí, màmá wa kì í tan án láìpe gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo ti bojú," ìyẹn ni pé ó ti wọ awòjú ààbò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáhùn fún ẹnìkejì. Bó bá ku àwọn nìkan, wọ́n á pe ara wọn, wọ́n á sì dá ara wọn lóhùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àwọn náà ló sì sọ wọ́n ní Ìyá Rọra.

Lọ́dún 2004 ni àbíkẹ́yìn wa, obìnrin, dara pọ̀ mọ́ wọn nínú yàrá náà láti ṣe ìwádìí fún ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ọdún méjì, màmá wa pe gbogbo èèyàn, wọ́n dáhùn, ó ku àbíkẹ́yìn. Wọ́n pè é, kò fọhùn. Ọkùnrin tó ń ṣe àwọn hóró wúrà ní, "Ẹ tan án, Màmá, ó ti bojú. Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni."

Màmá wa ní, "Ẹnu tirẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Wọ́n mú ọwọ́ kúrò lára bọ́tìnì, wọ́n sì ń táràrà lọ sẹ́yìn tábìlì. Àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ síwájú dígí kékeré kan tó ń tò, dígí náà sì wà ní ọ̀kánkán ojú rẹ̀. Òógùn ti bo awòjú rẹ̀, ló bá gbé e lé iwájú orí. Ó sì ti fi òwú dí etí nítorí ariwo pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá. Màmá wa kò pariwo. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní, "Jáde. Ojú rẹ ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ."

Àbíkẹ́yìn lọ di olùkọ́, kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Lọ́dún 2014, àìsàn ọkàn lé màmá wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àbíkẹ́yìn yìí ni wọ́n sì pè padà láti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n fọkàn tán. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe yìí kò jẹ́ kí wọ́n jẹun ire mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láago: "Ṣé gbogbo wọn dáhùn?"

Nínú ìjọ, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ fún àdúrà: ojú àwọn ọmọ mi. Wẹ́dà orígun àdúgbò wa gba awòjú dúdú lọ́wọ́ wọn àìmọye ìgbà. Ó ní bí òun bá ti rí wọn lókèèrè ni òun á sáré wọ̀ ọ́, bí kò bá tiẹ̀ síná lọ́wọ́ òun. Ó wà lára àwọn tó gbé pósí lónìí.

Ọ̀sán ni wọ́n fi wá sílẹ̀, ní ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń dáhùn pé a ti bojú. Àbíkẹ́yìn wà lẹ́nu iṣẹ́. A tẹ̀ ẹ́ láago títí, kò gbé e, a sì ti ń ro ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ. Nígbà tí màmá wa pè é, ẹ̀gbọ́n wa àgbà di ọwọ́ wọn mú, ó sì fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ sọ pé, "Mo ti bojú, Màmá."

Wọ́n lajú. "Ta ló ń bá a dáhùn?"

Ojú tí wọ́n fi wò wá, a kò ní gbàgbé rẹ̀ láyé. Wọn kò pa ojú náà dé títí tí àbíkẹ́yìn fi sáré wọlé, tí àmì awòjú ṣì wà ní imú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ ló fi fóònù sí, ìgbà tó jáde ló tó rí ìpè wa. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, èmi nìyí. Mo ti bojú."

Wọ́n fi ìka kan ojú rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. "Ó dáa. Ẹ tan án."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án àti àwọn àbúrò ni wọ́n fi sáyé lọ. Lọ́jọ́ Ajé, àbíkẹ́yìn á padà sínú yàrá dúdú yẹn, ẹ̀rù sì ń bà wá, nítorí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ láago kò sí mọ́. A ti pín ọjọ́ tí a ó máa tẹ̀ ẹ́ láago láàárín ara wa.

Ẹ̀bẹ̀ kan la bẹ̀ yín. Bí àlùfáà bá pe orúkọ wọn létí ibojì, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn dáhùn. Ẹ jẹ́ ká dákẹ́, ká dúró fún ohùn tiwọn.

Ẹ rọra máa lọ, Ìyá Rọra. Gbogbo wa ti bojú. Ẹ sùn re o.